Ohun tójú àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ kọ́ni ní Yorùbá l'Amẹ́ríkà ń rí kí ara wọn tó balẹ̀

Àwọn àgbà ló ní ìrìn jìnnà ni í jẹ́ kí ènìyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò ni pé iṣẹ́ ajé ni gbogbo wọn bá lọ, tàbí pé ìwé oyè ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wà láàárín wọn tó jẹ́ pé èdè abínibí wọn ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èdè Yorùbá tí àwọn tíṣà tìtorí ẹ̀ na ọ̀pọ̀ wọn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn, òun gan-an ni àwọn yunifásítì òyìnbó ní kí wọ́n wá fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jẹ́ ohun ìwúrí. Àmọ́ kí ara irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tó balẹ̀ nílẹ̀ àjòjì, ojú rẹ̀ á ti rí tó, nítorí olùkọ́ ló jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì tún ni, ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Ètò tó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Fulbright FLTA. Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright láti ìpínlẹ̀ Arkansas ló gbé àbá òfin ètò Fulbright kalẹ̀, ọdún 1946 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka tó ń jẹ́ FLTA yìí wà fún àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tó máa ń lọ ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Ìjọba ilẹ̀ náà ló ń náwó sí i, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní IIE ló sì ń bá wọn bójú tó o. Láti Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, Haúsá àti Igbo ni wọ́n ti ń mú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ti gba oyè yunifásítì, ọjọ́ orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 29 lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà, láti oṣù kẹjọ ọdún kan sí oṣù karùn-ún ọdún kejì. Olùkọ́ yìí lè kọ́ni títí dé wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, òun náà gbọ́dọ̀ jókòó sí kíláàsì fún ẹ̀kọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtàn tàbí ìgbé ayé àwọn ará Amẹ́ríkà. Kò sí ìwé oyè kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ètò náà kò sì fàyè gbà á kí ènìyàn kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Ẹni tó bá ti ní ìdílé gbọ́dọ̀ ti bá wọn sọ ọ́ yanjú kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ayé mọ̀ pé wọ́n gba ọ̀nà yìí kọjá ni Kọ́lá Túbọ̀sún, ọmọ Ìbàdàn, onímọ̀ èdè àti òǹkọ̀wé. Ní ọdún 2009, ó lọ kọ́ni ní Yorùbá ní Southern Illinois University ní ìlú Edwardsville. Nígbà tó padà sílé, òun ló dá iṣẹ́ àkójọ orúkọ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní YorubaName.com sílẹ̀ ní ọdún 2015. Yàtọ̀ sí Edwardsville, àwọn yunifásítì bíi ti Wisconsin ní Madison, ti Florida ní Gainesville, ti Georgia ní Athens àti ti Indiana ní Bloomington wà lára àwọn tó ti gbé ẹ̀kọ́ Yorùbá lárugẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ìlú ńlá bíi New York ni púpọ̀ nínú ibi wọ̀nyí. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹsẹ̀ á dá lójú pópó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló máa ń kọ́kọ́ dé bá àlejò. Físà tí wọ́n fún un ni J-1, ìwé tó sì ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn ìwé ìrìnnà ni èyí tí wọ́n ń pè ní DS-2019, tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Bó bá ti dé, ó gbọ́dọ̀ lọ fi ara hàn ní ọ́fíìsì àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì náà, kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba. Ẹ̀yìn èyí ni yóò lọ gba nọ́ńbà Social Security, nítorí nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń sanwó fún òṣìṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń ka owó orí. Ẹni tó bá sáré lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó dé lè pàdánù àárọ̀ rẹ̀, torí pé orúkọ rẹ̀ lè má tíì hàn lórí kọ̀ǹpútà ìjọba. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn pé kéèyàn fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i.

Ilé gbígbé ni wàhálà kejì. Ọ̀pọ̀ onílé ní àwọn ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé àdéhùn olóṣù méjìlá ni wọ́n ń bá èèyàn ṣe, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án péré ni olùkọ́ yìí máa lò. Bó bá fọwọ́ síwèé láìkà á, owó oṣù mẹ́ta tí kò ní sí nínú ilé náà yóò di gbèsè sí i lọ́rùn. Onílé tún lè béèrè àkọsílẹ̀ bí ó ṣe máa ń san gbèsè, èyí tí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè ní. Ìdí nìyí tó fi dára kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì kó tó kúrò nílé, kí wọ́n bá a wá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tí wọ́n lè jọ pín yàrá.

Ní ti oúnjẹ, ìlú ńlá bíi Houston kò ṣòro, nítorí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú kékeré, ọgbọ́n lèèyàn máa ń dá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ̀gẹ́ àti ata tó jọ ata rodo wà ní ọjà àwọn ará Mẹ́síkò, epo pupa sì lè wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ Bùràsíìlì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹran gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ sínú àpótí rẹ̀ láti ilé. Aṣọ́bodè yóò gbà á, bó bá sì fi pamọ́ tí wọ́n rí i, ó lè san owó ìtanràn. Gbogbo oúnjẹ téèyàn bá gbé dání ló gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

Òtútù ni ti ẹ̀kẹta, òun ló sì ń fi ojú ọ̀pọ̀ rí màbo. Ní Madison, adágún ńlá tó ń jẹ́ Mendota máa ń dì gbagidi nígbà òtútù débi pé àwọn ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ tó dàgbà ní Ọ̀ṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, tó mọ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni ilẹ̀ ń ṣú láti January dé December, kò ní mọ ohun tó ń ṣe é nígbà tí oorun bá ń kùn ún lójú ọ̀sán, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ayé ń ṣe é. Àìrí oòrùn náà wà nínú ohun tó ń fà á, àwọn dókítà ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Yunifásítì ní àwọn agbaninímọ̀ràn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ rí, kò sì yẹ kó tì í lójú láti lọ.

Ṣùgbọ́n inú kíláàsì gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ya olùkọ́ tuntun lẹ́nu ni pé ká gbọ́ èdè yàtọ̀ sí ká mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ọmọ Yorùbá kì í ronú kó tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Létí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti ń sọ láti kékeré, ìró kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì sọ láìmọ̀ pé ọkọ́ lòun wọ̀ wá sí ilé-ìwé. Ohun mìíràn tó tún ń dà wọ́n láàmú ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohùn máa ń gòkè ní ìparí ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ béèrè pé "Ṣé èyí ni ọkọ̀?" yóò gbé ohùn sókè ní ìparí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò sì tún di ọkọ́. Bí olùkọ́ kò bá mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá, yóò kàn máa tún un sọ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà "gb" tí wọ́n máa ń là sí méjì, àti "p" tiwa tí wọ́n máa ń pè bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè nílé ni wọn yóò máa bi í. Wọ́n á ní kí ló dé tí "ó" kan ṣoṣo fi wà fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko, àti pé báwo ni olùgbọ́ ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Wọ́n á ní kó ṣàlàyé ìdí tí 45 fi jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò tó jókòó ṣe ìṣirò pé àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá tó dín nínú ọgọ́ta ni, ogún mẹ́ta ló sì di ọgọ́ta. Ọgbọ́n ńlá tí àwọn baba wa fi ka nǹkan, tó ti ń lò láti kékeré láìfiyè sí i, ilé oní-ilé ló ti wá mọ̀ ọ́n.

Àmì ohùn tún ń kó ìtìjú bá àwọn kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó jáde yunifásítì nílé ni kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń kọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ń lò ní àmì lórí pátápátá. Ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti ka àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1974 dáadáa. Bó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì, Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀ka èdè tirẹ̀ ti yà kúrò lára Yorùbá àjùmọ̀lò, kó má baà di pé ohun tó ń kọ́ wọn yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé wọn. Ìwé tó lè ràn án lọ́wọ́ wà. Jẹ́ K'Á Sọ Yorùbá tí Antonia Fọlárìn Schleicher kọ, tó jáde ní ọdún 1993, wà lára èyí tí wọ́n ti lò jù. Yorùbá Yé Mi tí Fẹ́hìntọ́lá Mosádomí kọ ní yunifásítì Texas ní Austin wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kó mọ irú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan fẹ́ gba máàkì èdè òkèèrè tí yunifásítì ní kí wọ́n gbà ni. Àwọn kan jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fẹ́ wá ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Àwọn kan jẹ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n jẹ́ onísìn òrìṣà, irú àwọn tó tẹ abúlé Òyótúnjí dó ní South Carolina ní ọdún 1970. Wọ́n lè mọ oríkì àti orin òrìṣà lórí, kí wọ́n má sì lè ra iyọ̀ lọ́jà ní Yorùbá. Bí olùkọ́ bá jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tó kórìíra ọ̀rọ̀ òrìṣà, ibẹ̀ ni ìdánwò rẹ̀ wà, nítorí wọn kò rán an níṣẹ́ ìwàásù. Kódà ní yunifásítì ìjọba, òfin ilẹ̀ náà kò fàyè gbà á kó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń wọni lára jù ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Orúkọ wọn ni Adébáyọ̀ àti Fọláṣadé, ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn kò sọ Yorùbá sí wọn nítorí kí Gẹ̀ẹ́sì wọn lè já gaara. Wọ́n wá ń sanwó yunifásítì láti kọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn nínú wọn ń kọ́ èdè náà torí ìyá-ìyá rẹ̀ tó wà nílé, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tijú ju òyìnbó lọ, torí ó gbà pé ó yẹ kóun ti mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò ṣeé fò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pe olùkọ́ lórúkọ gan-an, yóò máa jẹun bó ṣe ń kọ́ wọn, yóò sì sọ fún un pé ohun tó sọ kò yé òun. Kì í ṣe àrífín lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ń gbà ni láti kọ́ wọn ní "ẹ" àti "o" láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n sì máa kí olùkọ́ bí wọ́n bá ti wọlé. Ìkíni yìí máa ń dùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, torí wọn kò ní irú "ẹ kú iṣẹ́" tàbí "ẹ kú ìjókòó" nínú èdè tiwọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ní ohun tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti sanra, ọ̀rọ̀ ìyìn nílé, èébú ni lọ́hùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ béèrè ọjọ́ orí wọn tàbí ìgbà tí wọ́n máa ṣègbéyàwó. Kò gbọ́dọ̀ pe máàkì ẹnikẹ́ni síta, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974 ló ń dáàbò bo ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kódà lọ́wọ́ àwọn òbí tó ń sanwó ilé-ìwé pàápàá, bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ti wọ yunifásítì. Bí sáà bá sì parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ èrò wọn nípa iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, láìfi orúkọ sí i.

Ní ìta kíláàsì, ohun kan wà tí kò sí ìwé tó lè múra èèyàn sílẹ̀ fún un tán. Nílé, ọmọ Ìbàdàn ni, tàbí ọmọ Ìlá, tàbí ọmọ Òǹdó. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn dúdú ni, ìtàn ogún ẹrú àti ìjà ẹ̀tọ́ ilẹ̀ náà sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Bí òṣìṣẹ́ bá ń tẹ̀ lé e kiri inú ṣọ́ọ̀bù, ó lè má tètè yé e. Ẹ̀kọ́ nípa Amẹ́ríkà tí wọ́n fi kún iṣẹ́ rẹ̀ wúlò fún èyí, ọ̀rẹ́ láàárín àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ sì tún wúlò jù ú lọ.

Àwọn ará ilé náà ní ìpín tiwọn nínú wàhálà yìí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ ti dé Amẹ́ríkà, wọ́n gbà pé dọ́là ti dé nìyẹn. Wọn kò mọ̀ pé owó tí wọ́n ń fún un kò ju ohun tó lè fi san owó ilé, kó jẹun, kó sì wọ ọkọ̀ lọ, àti pé físà rẹ̀ kò gbà á láyè láti lọ ṣiṣẹ́ mìíràn bó ṣe wù ú. Bó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ní Chicago nígbà òtútù, aago mẹ́ta òru ni ní Ìbàdàn. Nítorí náà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dun olùkọ́ yìí, tó fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ìyá ti sùn. Ìgbà tí ilé bá sì pè é, owó ni wọ́n ń bá wá. Ohun tó dára jù ni kó sọ iye tí agbára rẹ̀ mọ fún wọn kó tó lọ, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lọ́sẹ̀.

Ní oṣù kejìlá, ètò náà máa ń kó àwọn olùkọ́ láti gbogbo ayé jọ sí Washington fún ìpàdé. Ọ̀pọ̀ máa ń rí i níbẹ̀ pé ohun tó ń ṣe ọmọ Yorùbá náà ló ń ṣe olùkọ́ Lárúbáwá, ti Swahili àti ti Hindi. Lẹ́yìn ìpàdé yìí, sáà kejì máa ń rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí oṣù karùn-ún bá wá ń bọ̀, ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ yóò dé: ṣé kó padà ni, àbí kó fara pamọ́? Òfin físà yìí là á sílẹ̀ pé ẹni tí ìjọba náwó lé lórí lọ́nà yìí gbọ́dọ̀ padà lọ gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko kó tó lè gba físà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní H tàbí ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sá yóò di arúfin, kò ní lè lo oyè tó gbà nílé, yóò sì ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà náà kò tún fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà mú òfin físà le fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, físà J kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní in lọ́kàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà bí nǹkan ṣe rí ní àsìkò tirẹ̀, kó má sì ṣe fi owó lé aṣojú àdáni kankan lọ́wọ́, nítorí wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù ètò Fulbright.

Àwọn tó padà kì í padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti mọ èdè wọn ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé ohun tí àwọn ilé-ìwé kan nílé ń fi ẹgba lé sá, ẹlòmíràn ń sanwó wá a. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò ní ilé-ìwé wa ju bó ṣe wúlò ní Madison lọ. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìdajì wàhálà òkèèrè ti fúyẹ́ lórí rẹ̀.